Ìrì Inú Àpótí Bàbá Sikirá

Bàbá mi àgbà kì í mu sìgá. Ẹni tó bá mọ̀ pé ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wé sìgá ní Igbó-Ọrà lè rò pé mò ń bo àṣírí òkú ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Wọ́n mu ún nígbà èwe wọn. Ìyá mi, Sikirá, ni àkọ́bí wọn, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò sì fi ń pè wọ́n. Wọ́n ní ọjọ́ tí ìyá mi pé ogójì ọjọ́, Bàbá gbé e mọ́ àyà, ọmọ náà sín, ó sì yí ojú kúrò lára aṣọ wọn. Bàbá tẹ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn pa mọ́ ara ògiri, wọn kò sì tan òmíràn mọ́ títí wọ́n fi lọ. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí wọn kò wá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n ronú sí i díẹ̀, wọ́n ní, "Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni, Àbẹ̀kẹ́. N kò sọ pé ohun tó yẹ kí ènìyàn máa mu ni."

Bí mo bá ní kí n ka ìgbésí ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irọ́ ni n ó máa pa, nítorí irun wọn ti funfun kí n tó gbọ́n tó ẹni tó ń wo ènìyàn. Ohun tí mo ní ni ìwọ̀nba tí ojú mi rí nínú àgbàlá wọn, nígbà tí wọ́n ń tọ́ mi, àti lẹ́yìn tí mo lọ kàwé tí mo sì ń padà wá kí wọn ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ wọn ni mo rántí jù. Ènìyàn gbọọrọ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n máa ń jókòó sí, pátákó pẹlẹbẹ lórí itan, ọ̀bẹ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Omi ewé tábà ti pa àtàǹpàkò wọn méjèèjì láró, ó pọ́n bí ti ẹni tó ń bó obì lójoojúmọ́. Kí wọ́n tó ṣe àlùwàlá, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn bó o, síbẹ̀ kì í lọ.

Ààfáà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí mọ́sáláṣí àdúgbò wa rí ọwọ́ náà lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó sì fi wáàsí ṣe òwe títí gbogbo ènìyàn fi mọ ẹni tó ń bá wí. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá mú iṣu mẹ́ta lọ kí i nílé. Wọ́n jókòó, wọ́n gbà pé ohun tó sọ nípa tábà kò burú, pé àwọn náà kì í mu ún. Ìgbà tí wọ́n dìde láti máa lọ ni wọ́n tó sọ èyí tó wà níkùn wọn. Wọ́n ní, "Ẹ bá tábà jà bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti mọ àwọ̀ ọwọ́ mi kí n tó gbé e sókè."

Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, wọ́n bá ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra ewé tábà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ṣa ewé rere kúrò lára èyí tó lábàwọ́n. Àgbàlagbà kan tó ti Gánà dé, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló kọ́ wọn ní sìgá wíwé. Kì í ṣe sìgá tín-ín-rín oníbébà tí wọ́n ń tà ní páálí. Èyí nípọn bí ìka, ewé sì ni látinú dé òde: ewé wẹ́wẹ́ nínú, ewé kan tó le tí wọ́n fi ń dì í, àti ewé kan tó fẹ̀ tó sì ń dán tí wọ́n fi ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kó lọ, gbogbo àgbẹ̀ padà sí ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Bàbá náà gbin ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi igun kan sílẹ̀ fún tábà nínú oko wọn lọ́nà Ayétẹ̀. Bí wọ́n bá kórè, wọ́n á fi ewé kọ́ sábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé títí yóò fi pọ́n. Wọ́n á kó o jọ ní òkìtì kí ó móoru fúnra rẹ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un kó. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó wé ẹyọ kan.

Ọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá láti Lánlátẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń fẹ́ ogún sìgá kíákíá nítorí àna rẹ̀ kan tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ewé wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì le. Bàbá fún un lágà, wọ́n ní kí ó fún ewé láyè. Ọkùnrin náà jókòó, ó dìde, ó wo fóònù, ó tún jókòó. Bàbá bu omi fún un mu. Nígbà tí ó di bí ìrun Àsárì, ó bínú, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Ojú Bàbá kò yí padà. Wọ́n mú ewé kan, wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì, wọ́n sọ fún èmi tí mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé, "Ewé kò gbọ́ èdè ìkánjú."

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé. Ewé tábà tó ti gbẹ dà bí awọ. Bí ọ̀rinrin díẹ̀ bá wà lára rẹ̀, á ṣeé ká, á ṣeé fà, kò ní ya. Bí kò bá sí, á rún mọ́ni lọ́wọ́ bí kúlíkúlí. Bí ó bá sì pọ̀ jù, á bu, á hu irun funfun, òórùn rẹ̀ á dà bí ti aṣọ tí a ká ní tútù. Sìgá tí a ti wé tán náà, bákan náà ni. Nígbà òjò, kò sí wàhálà. Bàbá á kó ewé síta ní àfẹ̀mọ́júmọ́ kí ìrì sẹ̀ sí i, wọ́n á kó o wọlé kí oòrùn tó yọ. Ìgbà ọyẹ́ ni ogun wọn. Ọyẹ́ Ìbàràpá kì í ṣeré: ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là, igi ilẹ̀kùn pàápàá á sán. Bàbá ní àpótí ńlá kan tí wọ́n fi igi ọgànwó kàn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú sìgá sí. Wọ́n á ki aṣọ tútù sí igun rẹ̀, wọ́n á máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Síbẹ̀, àwọn sìgá tó sún mọ́ aṣọ á bu, àwọn tó jìnnà sí i á sán. Ọdọọdún ni wọ́n ń kó lára rẹ̀ dà nù.

Mo wà ní póli ní Èrúwà, tí mo ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, nígbà tí mo pinnu pé n ó wá nǹkan ṣe sí i. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Mo yọ fáànù kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́, mo gbé e sí ẹnu ike bọ́tà tí mo bu omi sí, mo sì na ègé fóòmù kan láti inú omi dé iwájú fáànù kí atẹ́gùn lè máa gba ara rẹ̀ kọjá. Mo so ó mọ́ ohun ìwọ̀n kékeré kan tó ń fi nọ́ńbà sọ bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Bí ọ̀rinrin bá ti tó, fáànù á dákẹ́. Bí ó bá dín, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbé gbogbo rẹ̀ sí igun àpótí. Bátìrì kan àti páńẹ́ẹ̀lì sólà kan tó wà lórí òrùlé ló ń fún un níná.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi yí i ká. Wọ́n ní ariwo rẹ̀ dà bí ti kòkòrò tó há sínú ìgò. Wọ́n ní omi kànga tí mo bù sí i ní òórùn irin, wọ́n sì dà á nù. Láti ọjọ́ náà, omi òjò tí wọ́n gbè sínú kẹ́ẹ̀gì ni ẹ̀rọ náà ń mu. Nígbà tí wọ́n máa gbà á, wọn kò sọ fún mi pé àwọn gbà. Mo kàn gbọ́ tí wọ́n ń kìlọ̀ fún oníbàárà kan pé kí ó tètè pa àpótí dé kí ìrì má bàa sá jáde. Bí ó ṣe di ẹ̀rọ ìrì nínú ilé wa nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la jà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà wà ní àádọ́rin, bó ṣe yẹ kó rí. Bàbá mú sìgá kan, wọ́n fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ní omi ti pọ̀ jù. Mo ní ẹ̀rọ kì í purọ́. Ohùn tí mo fi sọ ọ́ kò yẹ ọmọ tí wọ́n tọ́. Wọ́n dá sìgá náà padà sí àyè rẹ̀. Nígbà tí mo padà sí Èrúwà, olùkọ́ wa kan kọ́ wa bí a ṣe ń yẹ irú ohun ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ wò. A ó fi omi díẹ̀ rin iyọ̀, a ó fi iyọ̀ náà àti ohun ìwọ̀n sínú ọ̀rá kan náà, a ó dè é pa títí di ọjọ́ kejì. Nọ́ńbà tó yẹ kó fi hàn ni márùndínlọ́gọ́rin. Mo ṣe é nígbà tí mo délé. Tèmi fi mọ́kàndínláàádọ́rin hàn. Ó ti ń jẹ nọ́ńbà mẹ́fà lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀, sìgá mélòó kan ní ìsàlẹ̀ àpótí sì ti ń bu. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ Bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kì í lo bátìrì."

Ìjà tó pẹ́ jù láyé wọn ni èyí tí wọ́n bá Màmá Bùsọ́lá jà. Ẹni tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàárín ilé wọn àti tiwa ni Màmá Bùsọ́lá, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìntì, onígbàgbọ́ tí kì í pa ìsìn jẹ. Ikọ́ fée ti ń bá wọn jà láti kékeré, fèrèsé yàrá wọn sì dojú kọ àtíbàbà tí Bàbá ń kọ́ ewé sí. Wọ́n kọ́kọ́ rán ìyá mi sí Bàbá. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára bí ìwé àtẹ̀jáde. Ìpàdé tí ẹgbẹ́ náà pè lórí rẹ̀ kò fẹnu kò. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Bàbá ti fọwọ́ ara wọn wó àtíbàbà náà, wọ́n sì tún un kọ́ sí òdìkejì ilé, níbi tí ewúrẹ́ ń sùn. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé nítorí ẹnì kan ni. Òórùn ń lọ sí ọ̀dọ̀ Màmá Bùsọ́lá síbẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá yí, wọ́n sì ń ránṣẹ́ ẹjọ́ sí wa. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn méjèèjì ń kí ara wọn láàárọ̀ bí àna méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé: kò sí ara ilé tí wọn kì í béèrè.

Lọ́dún kan Bàbá ṣe ìwé pélébé kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ páálí sìgá wọn. Orúkọ wọn ló wà lára rẹ̀, kò sì ní àmì ohùn kankan. Atẹ́gùn gbé ọ̀kan wọ àgbàlá Màmá Bùsọ́lá. Wọ́n fi bírò pupa fi àmì sí gbogbo ibi tó yẹ, wọ́n fún un ní máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá, wọ́n fi rán ìyá mi sí wa. Ìyá mi rò pé ogun ti dé. Bàbá gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní kí n lọ tún un tẹ̀ bí tíṣà ṣe tún un kọ. Wọ́n ní, "Kò fẹ́ràn ohun tí mò ń ṣe, síbẹ̀ kò fẹ́ kí n ṣe é ní jákujàku."

Mo ti wá dé ibi tí mo ń bọ̀ láti òwúrọ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ìgbà ọyẹ́, ó ku bí ọdún méjì kí Bàbá lọ, agbẹjọ́rò kan wá láti Ìbàdàn. Lọ́yà lásán ni a ń pè é. Ó ti mu sìgá ilẹ̀ òkèèrè rí, ẹnì kan ló fún un ní tiwa, òun fúnra rẹ̀ ló sì wá ilé wa rí. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ kàwé fẹ́ pàdé, àwọn kan nínú wọn ń bọ̀ láti òkè òkun, ó sì fẹ́ kí Bàbá wé igba sìgá fún ọjọ́ náà. Bàbá kì í ṣe ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn síta. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n ra ọ̀bẹ tuntun, wọ́n sì ń dé fìlà tó dára jù tí wọ́n ní láti fi ṣiṣẹ́. Wọ́n sọ fún ìyá mi pé àwọn ènìyàn yẹn yóò fi sìgá àwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀ òkèèrè wò, wọ́n á sì mọ̀ pé ẹnì kan wà ní Igbó-Ọrà. Nígbà tí ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, igba náà ti pé, wọ́n tò sínú àpótí, ẹ̀rọ ìrì ń fẹ́ sí wọn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni tiransifọ́mà àdúgbò wa jó. Iná lọ. Bátìrì wa kò dúró, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti bo ojú oòrùn, eruku sì ń dì mọ́ páńẹ́ẹ̀lì lórí òrùlé. Mo gba ààyè níbi iṣẹ́ tí mo rí ní Èrúwà lẹ́yìn póli, mo wá sílé láti máa nù ún láràárọ̀. Ohun tó ń wọnú bátìrì kò ju ohun tí fáànù kékeré yẹn ń lò láti àárọ̀ dé àárọ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, a jókòó lábẹ́ máńgòrò, a gbọ́ Màmá Bùsọ́lá láti òdìkejì ògiri. Kì í ṣe ikọ́. Èémí wọn ló ń dún bí ẹni tó ń fọn fèrè tó dí. Bàbá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n ní kí n sáré lọ wò wọ́n.

Mo bá wọn lórí àga, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì mú, èjìká wọn ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ kejì rèé tí wọ́n ti ọsibítù dé. Dókítà fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kan fà símú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, iná ni ẹ̀rọ náà sì ń lò. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ lánàá nítorí rẹ̀, èéfín rẹ̀ sì tún wá dí wọn ní àyà sí i. Bùsọ́lá ọmọ wọn wà lọ́nà Ìbàdàn, ó ń bọ̀. Mo padà, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Bàbá.

Wọ́n bi mí bóyá bátìrì wa lè gbé ẹ̀rọ náà. Mo ní ó lè gbé e, pé ìnfátà kékeré kan wà nínú àpò iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n kò lè gbé méjèèjì. Wọ́n bi mí pé bí a bá yọ ọ́ lára àpótí ńkọ́. Mo ní nínú ọyẹ́ yìí, sìgá yóò ti máa sán kí ó tó di Ọjọ́rú. Mo wá sọ ohun tí ojú ń tì mí láti kọ, ṣùgbọ́n n ó kọ ọ́. Mo ní, "Bàbá, Màmá yìí náà ló kọ̀wé pé kí wọ́n wó àtíbàbà yín."

Wọ́n wò mí, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú. Wọ́n wọlé, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n fọwọ́ ara wọn fa wáyà yọ. Fáànù yí lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó dúró. Wọ́n ní, "Ewé ti kú kí n tó wé e, Àbẹ̀kẹ́. Òun ṣì ń mí."

Àwa méjèèjì la jọ gbé bátìrì náà. Nígbà tí a dé ẹnu ilẹ̀kùn, Bàbá sọ apá tiwọn kalẹ̀, wọn kò wọlé. Wọ́n ní òórùn tábà wà lára aṣọ àwọn. Èmi ni mo wọ́ ọ wọlé, mo so ó mọ́ ìnfátà, mo so ìnfátà mọ́ ẹ̀rọ. Màmá Bùsọ́lá ń wo bátìrì náà. Wọ́n mọ ibi tó ti wá, nítorí gbogbo àdúgbò ló mọ ẹ̀rọ ìrì. Wọ́n gbé ojú sókè sí Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi èémí kékeré tó ṣẹ́ kù fún wọn bi Bàbá pé, "Sìgá yín ńkọ́?"

Bàbá ní, "Ẹ mí ná."

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn níta. Ẹ̀rọ náà ń dún, ooru oògùn ń jáde. Bí ó ṣe ń pẹ́, fèrè inú àyà Màmá Bùsọ́lá ń lọ sílẹ̀. Ìgbà tí kò dún mọ́ ni Bàbá tó dìde, wọ́n gbọn ẹ̀yìn aṣọ wọn, wọ́n lọ kírun.

Ọjọ́ mọ́kànlá sí i ni wọn kò fi tún tiransifọ́mà ṣe. Ọjọ́ mọ́kànlá ni bátìrì náà fi wà lọ́hùn-ún. Bàbá padà sí aṣọ tútù wọn. Wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì, wọ́n ń gbé sìgá ìsàlẹ̀ sókè, wọ́n ń gbé ti òkè sísàlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbọ́ tí àkọ́kọ́ sán nínú àpótí, bí ẹ̀ka igi kékeré. Bàbá náà gbọ́. Nígbà tí Lọ́yà dé ní ọjọ́ kẹsàn-án, èyí tó ṣeé fún ènìyàn kò tó ọgbọ̀n nínú igba.

Lọ́yà kò pariwo. Ó mú ọ̀kan, ewé òde rẹ̀ ṣí kúrò bí èèpo àlùbọ́sà, ó sì rọra dá a padà. Ó ní, "Bàbá, mo ti sọ fún àwọn ènìyàn pé ọwọ́ yín ò láfiwé." Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún un, fún ẹni tí wọ́n tó bí lọ́mọ. Wọ́n ní kó máà bínú, ó gbẹ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Mo la ẹnu kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, Bàbá sì wò mí, mo pa á dé. Lọ́yà fi ìwọ̀nba tó dára náà pàápàá sílẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ lọ, eruku rẹ̀ bò wá.

Inú bí mi títí di ọjọ́ kejì. Mo ní ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin náà mọ̀ pé kì í ṣe àìmọṣẹ́. Bàbá ń rún àwọn sìgá tó ti fọ́ sínú agbọ̀n, wọ́n fẹ́ lọ fọ́n ọn sí ìdí èbù iṣu kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Wọn kò gbé orí sókè. Wọ́n ní, "Bí mo bá sọ fún un, èémí ìyá yẹn á di àwáwí mi."

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dín iṣẹ́ kù. Wọ́n ń wé mẹ́wàá, wọ́n ń wé méjìlá, fún àwọn àgbàlagbà tó ti mọ̀ wọ́n. Ní ti Màmá Bùsọ́lá, àwọn àti ọmọ wọn ló gbé bátìrì padà, wọ́n ti nù ún mọ́ tónítóní, wọ́n sì fi gèlè àtijọ́ kan wé e bí ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dé, tí Bàbá kọ́ ewé tuntun, Màmá Bùsọ́lá tún ránṣẹ́ pé òórùn tábà ń wọlé wá bá àwọn. Ìyá mi ní irú ènìyàn wo lèyí. Bàbá ni mo rí tí inú wọn dùn jù lọ́dún yẹn. Wọ́n ní kí ìyá mi lọ bá àwọn tọrọ àforíjì, kí ó sì kí wọn kú ara líle. Wọ́n ní, "Ó ti ní èémí tí yóò fi bá mi jà."

Ní bí ọdún méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Lọ́yà, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni Bàbá lọ. Àìsàn náà kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Wọ́n kí ìrun Sùbúì lórí ẹní, wọ́n ní ó rẹ àwọn díẹ̀, wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. A sin wọ́n kí ó tó di ìrun ọ̀sán.

Ní ọjọ́ kẹjọ, a ṣe àdúrà fún wọn nínú àgbàlá. Lọ́yà wá. Ó ti gbọ́ ikú náà lẹ́nu ẹnì kan ní Ìbàdàn, n kò sì rò pé ó di wa sínú. Ó kí ìyá mi dáadáa. Ó ní èèyàn rere ni Bàbá, pé oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, àfi pé ara ti ń dara àgbà nígbà tí òun mọ̀ wọ́n, ọwọ́ ti ń rẹ̀. Ìyá mi dúpẹ́. Mo di ẹnu mi mú, nítorí ojú tí Bàbá fi wò mí lọ́jọ́ náà ṣì wà lára mi.

Màmá Bùsọ́lá wà lórí àga nítòsí. Wọ́n fi ọ̀pá ti ilẹ̀, wọ́n dìde, ó sì gbà wọ́n ní àkókò. Wọ́n ní, "Lọ́yà, ọwọ́ Bàbá Sikirá kò rẹ̀ rárá. Èmi ni mo mí sìgá yín."

Ọkùnrin náà kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n bá là á yé e, létòlétò, bí ẹni tó dúró síwájú pátákó ìkọ̀wé: tiransifọ́mà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa oògùn, bátìrì, ọjọ́ mọ́kànlá. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí ògiri lọ́jọ́ tó wá, pé àwọn ti dìde láti wá sọ fún un, ṣùgbọ́n Bàbá ti bẹ àwọn ṣáájú. Wọ́n ní, "Wọ́n ní kí n má sọ. Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu nígbà tí wọ́n wà láyé."

Lọ́yà ṣí fìlà rẹ̀. Gbogbo àgbàlá ti yíjú sí wọn, ààfáà sì ti dá àdúrà dúró. Ìdúró náà àti ọ̀rọ̀ púpọ̀ yẹn ti mú Màmá Bùsọ́lá, èémí wọn ń fà, ó ń dún. Lọ́yà bá wọn di apá mú, ó gbé wọn jókòó. Gbogbo wa dákẹ́, a ń gbọ́ ọ, títí èémí wọn fi balẹ̀.